Ajá Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

Lọ́dọọdún, nígbà tí oṣù Kẹfà bá ń parí lọ, fídíò kan a máa rìn káàkiri orí WhatsApp wa. Ìlú Pittsburgh ni wọ́n ti ya á, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tò lọ ní títì, wọ́n wọ aṣọ onírun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìkookò wà níbẹ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà níbẹ̀, ológbò wà níbẹ̀, ajá kò sì lóǹkà: ajá aláwọ̀ búlúù, ajá aláwọ̀ ewé, ajá tó wọ ṣòkòtò jíǹsì. Ẹni tó fi fídíò náà ránṣẹ́ a máa kọ ọ̀rọ̀ méjì sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Òpin ayé." Àwọn kan á ní àwọn òyìnbó ti ya wèrè. Àwọn mìíràn á gbàdúrà kí irú rẹ̀ má wọ ilẹ̀ wa.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé aṣọ ajá yẹn ní ìtàn, ìtàn náà sì ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó ní àwọn ọ̀gá iṣẹ́, ó ní òfin, ó sì ní èèwọ̀. Nínú gbogbo ènìyàn ayé, àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló yẹ kí ó kẹ́yìn láàárín àwọn tí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò yé àwọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti London. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1904, wọ́n ṣe eré Peter Pan, tí J. M. Barrie kọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Duke of York's Theatre. Nínú ilé tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú àwọn ọmọ kì í ṣe ènìyàn. Ajá ni, Nana sì ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ fún wọn, òun ló ń fún wọn ní oògùn, òun ló ń rí i pé wọ́n sùn lásìkò. Barrie fúnra rẹ̀ ní ajá ńlá kan nílé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Luath, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Newfoundland, Luath yìí ni wọ́n sì wò ṣe aṣọ Nana. Ẹni tó wọ aṣọ náà ni Arthur Lupino, ọmọ ìdílé kan tí eré orí ìtàgé jẹ́ iṣẹ́ ìran wọn. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọwọ́ àti eékún ló fi rìn, orí àti ìrù ló fi fèsì.

Ẹ kíyè sí ohun tí Barrie fi ajá yìí ṣe. Bàbá àwọn ọmọ ló bínú lé Nana jáde, tó lọ so ó mọ́lẹ̀ ní àgbàlá. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ọmọ fò lọ. Nígbà tí ojú ti bàbá tán, inú ilé ajá ló kó lọ gbé. Ajá ló ní làákàyè, ènìyàn ló wá sùn sí ilé ajá. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí ìjókòó mọ̀ dájú pé ènìyàn ló wà nínú Nana. Kò sí ẹni tó pariwo pé, "Lupino, a ti rí ọ!"

Láàárín ọdún mọ́kànléláàádọ́ta sí i, aṣọ ajá di ti ilé-iṣẹ́. Nígbà tí Walt Disney ṣí Disneyland ní Anaheim, ní California, ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1955, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Ice Capades, àwọn tó ń jó lórí omi dídì, ni wọ́n ti yá àwọn aṣọ ẹranko tí wọ́n lò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá mọ àwọn ẹranko Disney yóò rí ohun kan tó pani lẹ́rìn-ín: ajá ni Goofy, ajá náà sì ni Pluto. Goofy ń wọ ṣòkòtò, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń wa mọ́tò. Pluto ń gbó, wọ́n sì fi okùn sí i lọ́rùn. Ohun kan ṣoṣo tó ya àwọn méjèèjì ni pé ẹnìkan pinnu pé ọ̀kan yóò dìde dúró.

Lẹ́yìn Disney, ó tàn kálẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gbé ẹranko tiwọn jáde láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ní 1980, ajá kan tó wọ kóòtù òjò, McGruff, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà bí wọ́n ṣe lè ran ọlọ́pàá lọ́wọ́ láti dènà ìwà ọ̀daràn. Ọlọ́pàá gidi a wọ aṣọ rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfin kan náà ló de gbogbo wọn: ẹni tó wà nínú aṣọ kò gbọdọ̀ ṣí orí lójú èrò. Ṣùgbọ́n ajá wọ̀nyí ní olówó. Ti ilé-iṣẹ́ ni, tàbí ti ìjọba, tàbí ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Òṣìṣẹ́ lásán ni ẹni tó wọ̀ ọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á bọ́ ajá sílẹ̀, á gba owó iṣẹ́ rẹ̀, á lọ sílé.

Ibi tí ìyípadà ńlá ti wáyé nìyí. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, ní California, àwọn ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ràn àwòrán ẹ̀fẹ̀ àti ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹranko tó ń ṣe bí ènìyàn. Wọ́n ń pe ara wọn ní furry. Ní oṣù Kìíní ọdún 1989, wọ́n ṣe àpéjọ àkọ́kọ́ tó jẹ́ tiwọn nìkan ní ìlú Costa Mesa. Ènìyàn 65 ló wá. Ní 1993 ni wọ́n dá orúkọ fursuit sílẹ̀ fún aṣọ náà. Ní 1997 àpéjọ mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Albany, èyí tí a mọ̀ sí Anthrocon lónìí. Ó kó lọ sí Pittsburgh ní 2006, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ní 2024, àwọn tó wá lé ní 15,000.

Ohun tuntun tí àwọn ènìyàn yìí mú wá ni pé kì í ṣe ajá ẹlòmíràn ni wọ́n ń wọ̀. Kálukú ló ń ronú ẹranko tirẹ̀ jáde. Á sọ ọ́ lórúkọ, á yan àwọ̀ fún un, á fún un ní ìwà. Ẹni tó ń tijú lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn lè ya ajá tó jẹ́ aláwàdà. Á lọ bá ayàwòrán, ayàwòrán á yà á níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwòrán yẹn ni aránṣọ yóò tẹ̀ lé. Ìkookò, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ajá wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ajá ti bá ènìyàn gbé pẹ́. A mọ ohun tí etí rẹ̀ ń sọ bó bá dúró ṣánṣán, a mọ ohun tí ìrù rẹ̀ ń sọ bó bá wọ abẹ́ itan. Ẹni tí kò lè fọhùn nínú aṣọ nílò ara tí gbogbo ènìyàn lè kà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ajá náà? Orí ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ń lo fóòmù, irú èyí tó wà nínú àga ìjókòó. Wọ́n á gé e díẹ̀díẹ̀ bí agbẹ́gilére ṣe ń gbẹ́ igi, wọ́n á fi gúlúù gbígbóná lẹ̀ ẹ́ pọ̀: iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n, imú gígùn. Àwọn mìíràn ń ya egungun orí náà lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú. Àwọ̀n oníhò wínníwínní ni, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ̀dà kun ẹyinjú. Ẹni tó wà níta yóò rí ẹyinjú ajá, ẹni tó wà nínú yóò rí ìta. Wọ́n a máa gbé àwọ̀n náà wọnú lọ díẹ̀, kí ó lè dà bíi pé ajá náà ń fi ojú bá ọ lọ bí o ṣe ń rìn kọjá.

Irun ló kàn. Irun àtọwọ́dá ni, wọ́n ń tà á ní yáàdì bí wọ́n ṣe ń ta aṣọ. Ẹni tó bá fi síṣọ́ọ̀sì gé e bí ẹní gé àǹkárá ti bà á jẹ́, nítorí yóò gé irun mọ́ aṣọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń fi abẹ là á, kí irun iwájú lè wà lódindi. Bí wọ́n bá rán an tán, wọ́n á fi kílípà fá a bí onígbàjámọ̀ ṣe ń fá orí, kí ti ẹnu kúrú, kí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ gùn. Ní ti ara, oníbàárà lè wà ní ìlú kan kí aránṣọ wà ní òmíràn. Nítorí náà, oníbàárà á wọ aṣọ àlòkù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi téèpù wé e láti ọrùn dé kókósẹ̀, wọ́n á sì là á kúrò lára rẹ̀ bí èèpo. Èèpo yẹn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, òun ni aránṣọ yóò fi wọn ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá kò sì rí bíi tiwa, nítorí náà àwọn kan ń di fóòmù sí itan àti ojúgun, kí ẹsẹ̀ lè dà bí èyí tó kán sẹ́yìn.

Odindi aṣọ kan láti ọwọ́ ọ̀gá iṣẹ́ a máa ná oníbàárà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn furry kò fi ní aṣọ rárá. Àwọn mìíràn ní orí, ìbọ̀wọ́ àti ìrù nìkan, wọ́n á wọ ṣòkòtò ara wọn mọ́ ọn.

Ooru inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo wọ orí ajá nínú eré kan tí a ṣe fún àwọn ọmọdé. Páálí àti aṣọ rírẹ́ ni a fi ṣe tiwa, kò sì tó ìdajì ohun tí mo ń ṣàlàyé yìí, síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá òógùn ti bo ojú mi. N kò rí ẹsẹ̀ ara mi. Ohun tí mo rántí jù ni ọmọdébìnrin kan tó ti rí mi kí n tó gbé orí náà wọ̀. Ó mọ orúkọ mi. Bí mo ṣe wọ̀ ọ́ tán, ó wá dúró níwájú mi, imú ajá ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Kò tàn ara rẹ̀ jẹ. Ó mọ̀ pé èmi ni, ó sì tún mọ̀ pé ajá ni, ìkíní kò sì pa ìkejì lára.

Níbi àpéjọ Pittsburgh, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó wà nínú aṣọ. Yàrá kan wà tí èrò kò gbọdọ̀ wọ̀, fáànù ńláńlá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ajá ti ń ṣí orí mu omi. Lójú pópó, ẹnìkan a máa tẹ̀ lé ajá kiri. Á dì í lọ́wọ́ mú níbi àtẹ̀gùn, á sọ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má fa ìrù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ atọ́kùn egúngún, ẹ ti mọ ẹni tí mò ń sọ.

Ilẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ náà ti dé yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìnàjò ará Scotland, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, tí ó pè ní Katunga nínú ìwé rẹ̀. Aláàfin ní kí ó dúró wo eré. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ jó nínú àpò, wọ́n ń tàkìtì. Lẹ́yìn náà ni òjòlá jáde, ejò ńlá tí ènìyàn wà nínú rẹ̀, tó ń lọ́ ara, tó ń la ẹnu. Níkẹyìn, ohun funfun kan yọ nínú àpò: òyìnbó ni, ó rù, ó ń gbọ̀n nítorí òtútù, ó ń fín áṣáà. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ń wo Clapperton, wọ́n ń rọ̀ ọ́ pé kó má gbójú kúrò. Òun náà gbà pé àwọn òṣèré náà mọ iṣẹ́.

Ọmọ iṣẹ́ kan náà ni àwọn alárìnjò, àwọn apidán, tó ń gbé ìnàkí, àmọ̀tẹ́kùn, ọ̀nì àti òjòlá kiri ìlú. Kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní Senegal, wọ́n ń ṣeré kan tí à ń pè ní Simb. Ọkùnrin kan á kun ojú, á wọ aṣọ bíi kìnnìún, á máa lé àwọn èrò. Ẹni tí kò bá ra tíkẹ́ẹ̀tì, kìnnìún á mú un. Ní Mali, àwọn ẹranko àti ère a máa jáde ní Markala. UNESCO fi àjọ̀dún náà sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 2014. Ní erékùṣù Bijagós, ní Guinea-Bissau, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń gbé orí màlúù onígi wọ̀, wọ́n ń jó bí akọ màlúù tí kò tíì gba àjàgà.

N kò sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Egúngún kì í ṣe ìmúra. Ará ọ̀run ni lójú ẹni tó ni ín, ìdílé ló ni ẹ̀kú, ìtúúbá sì wà fún ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lójú. Ajá Pittsburgh kò ní òrìṣà, kò ní ìdílé, kò ní ọdún ìbílẹ̀. Ẹnìkan ló rò ó, owó ara rẹ̀ ló fi rà á. Ti àwọn apidán ló sún mọ́ ọn jù, àwọn tó ń fi ẹranko ṣeré kí inú èrò lè dùn. Síbẹ̀, àdéhùn kan so gbogbo wọn pọ̀, èyí tí ọmọdébìnrin yẹn ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ: ẹni tó ń wò mọ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ. Ẹni tó bá pariwo orúkọ ẹni tó wà nínú aṣọ kò fi ọgbọ́n hàn ju àwọn yòókù lọ. Ó kàn ba eré jẹ́ ni.

Nígbà tí àdéhùn yìí bá fọ́, ìyà ni ó ń tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, nígbà àpéjọ àwọn furry ní Rosemont, lẹ́bàá Chicago, ẹnìkan tú gáàsì klóríìnì sínú òtẹ́ẹ̀lì lóru. Wọ́n gbé ènìyàn 19 lọ sí ilé ìwòsàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì sá jáde sínú òtútù, àwọn mìíràn nínú aṣọ ẹranko. Nígbà tí ìròyìn náà dé orí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú bú sẹ́rìn-ín títí ó fi kúrò lórí ìjókòó. Gáàsì olóró ni o. Nítorí pé àwọn tó ṣe sí wọ ìrù, ó di ẹ̀rín.

Ní 2022, irọ́ kan tún gba ìlú kan. Wọ́n ní àwọn ilé-ìwé ń gbé àwo ilẹ̀ tí ológbò ń ṣu sí fún àwọn ọmọ tó pe ara wọn ní ẹranko. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, aṣòfin kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska sọ ọ́ nílé aṣòfin, ó sì tọrọ àforíjì nígbà tó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olóṣèlú mìíràn kò dákẹ́. Ibi tí àwọn oníròyìn ti rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì ni agbègbè kan ní Colorado, inú garawa ìpamọ́ ló sì wà: kí àwọn ọmọ lè rí ibi tọ̀ sí bí oníbọn bá wọ ilé-ìwé tí wọ́n sì ní láti tì wọ́n mọ́lé fún wákàtí púpọ̀. Ìbọn ló gbé e débẹ̀, aṣọ ajá ni wọ́n dá lẹ́bi. Irọ́ yìí kan náà dé orí fóònù mi ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àdúrà lábẹ́ rẹ̀.

Èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa ajá Pittsburgh ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ nípa egúngún wa fún ìgbà pípẹ́: wèrè, èṣù, òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ nípa ara wa. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún wa láti fi sọ̀kò sí ẹlòmíràn.

Ohun kejì ni ti ẹni tó ń rán an. Mo mọ bàbá kan ní Ìbàdàn tó ń rán ẹ̀kú, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Ó ní ọmọ mẹ́ta, kò sí èyí tó fẹ́ kọ́ ọ nínú wọn. Mo fi fídíò Pittsburgh hàn án lórí fóònù. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín nínú gbogbo àwọn tí mo fi hàn. Ó fa fóònù sún mọ́ ojú, ó ní, "Ibo ni wọ́n fi ojú abẹ́rẹ́ pamọ́ sí?" Mo ní, "Inú irun ni, Bàbá." Ó ní kí n dá a dúró ní ibi èjìká ajá kan. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló béèrè iye tí wọ́n ń san fún ẹni tó rán an. Mo sọ fún un. Ó ní, "Lórí ajá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó dá fóònù mi padà fún mi, ó padà sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe aṣọ ajá ní Amẹ́ríkà ń kọ orúkọ wọn sí iṣẹ́ wọn, wọ́n ń gba àsansílẹ̀ owó, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lórí fídíò láìgba kọ́bọ̀. Nínú ayẹyẹ tiwa, gómìnà á wá, oníròyìn á ya fọ́tò, wọ́n á kọ orúkọ gómìnà sí abẹ́ fọ́tò náà. A kò ní béèrè ẹni tó wà nínú aṣọ, nítorí èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí èèwọ̀ kankan tó ní kí a má béèrè ẹni tó rán an, tàbí kí a má san owó rẹ̀.